Ètùtù kọ́, ìsandípò ni

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n wa kan ti dábàá pé, lédè Yorùbá, ká máa pe "carbon offset" (owó tí ẹni tó tú èéfín kábọ́nù sáyé ń san kí ẹlòmíì lè dín tirẹ̀ kù tàbí fa díẹ̀ padà) ní ètùtù kábọ́nù, kí ibi tí wọ́n ti ń tà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì sì máa jẹ́ ọjà ètùtù, ọ̀pọ̀ yín ló ti ń kan sáárá. Àbá náà dùn létí, mi ò jiyàn. Ilé iṣẹ́ tú èéfín sáyé, ó ṣètùtù, ayé tutù. Ibi tó ti dùn yẹn gan-an ló ń kọ mí lóminú.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí wọ́n ń tà ná. Patch ní San Francisco àti Cloverly ní Atlanta wà lára irú ọjà bẹ́ẹ̀. Ká ní ilé ìtajà kan fẹ́ fi ẹrù ránṣẹ́ sí oníbàárà. Kọ̀ǹpútà ilé ìtajà á fi ìwọ̀n ẹrù àti ọ̀nà tó jìn tó ránṣẹ́ sí ti ọjà náà. Tọ̀hún á ṣírò iye kábọ́nù tí ọkọ̀ yóò tú sílẹ̀, á sì dá iye owó tó kájú rẹ̀. Tí wọ́n bá san án, alágbàtà á yọ tirẹ̀, ìyókù á lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń dá igbó sí, tàbí tó ń pín ààrò tí kì í jẹ igi púpọ̀, tàbí tó ń fi ẹ̀rọ fa kábọ́nù jáde látinú afẹ́fẹ́, bíi Climeworks ní Iceland. Ìwé-ẹ̀rí ("carbon credit" lédè òyìnbó) ni ẹni tó sanwó ń rà; ìwé-ẹ̀rí kan dúró fún tọ́ọ̀nù kábọ́nù kan, ó sì ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ àjọ bíi Verra tàbí Gold Standard, kí wọ́n má bàa tà á lẹ́ẹ̀mejì.

Nínú gbogbo èyí, èéfín ọkọ̀ tó gbé ẹrù kò dín. Ó ti jáde, ó ti lọ. Ẹlòmíì ni wọ́n sanwó fún pé kó má tú tirẹ̀ sílẹ̀, tàbí kó fa díẹ̀ padà.

Ẹni tó bá sì ṣe ètùtù, ohun tó ń retí ni pé ọ̀rọ̀ ti parí: ẹbọ fín, ẹbọ dà, ó di ilé. Ta ló wá sọ pé ti kábọ́nù dà? Ní Oṣù Kìíní 2023, ìwé ìròyìn Guardian ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Die Zeit ti Jámánì àti àwọn oníròyìn SourceMaterial gbé ìwádìí jáde pé nínú ìwé-ẹ̀rí igbó kìjikìji tí Verra fọwọ́ sí, ó ṣeé ṣe kí èyí tó lé ní 90 nínú 100 má dín kábọ́nù kankan kù. Verra ní ìṣirò wọn kò tọ̀nà. Ẹni yòówù kó jàre, ohun tí wọ́n ṣì ń bá ara wọn fà kò yẹ kó máa jẹ́ orúkọ tó ti dá ẹjọ́ náà tán.

Ẹlòmíì mú owó gbà-máà-bínú wá. Èyí sàn díẹ̀, torí owó ló fi bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ ẹni tí a ṣẹ̀ ni a máa ń fún ní gbà-máà-bínú. Ẹni tí omíyalé gbé ẹrù rẹ̀ lọ kò gba kọ́bọ̀ nínú owó yìí; alààrò ló gbà á. Àbá ìdọ́gba kábọ́nù náà wà nílẹ̀, ìyẹn ni pé ohun tí wọ́n tú jáde àti ohun tí wọ́n sanwó kí ẹlòmíì dín kù dọ́gba, ṣùgbọ́n ìdọ́gba ni òfin tí Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe lọ́dún 2024 ń dojú kọ: láti Oṣù Kẹsàn-án 2026, ilé iṣẹ́ kò gbọdọ̀ tìtorí irú ìwé-ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ sọ fún oníbàárà pé ọjà òun kò pa ojú ọjọ́ lára. Ṣé ohun tí wọ́n ní kí ará Yúróòpù má sọ mọ́ la fẹ́ fi sọ ọmọ lórúkọ?

Ìsandípò ni tèmi. Ìsandípò kábọ́nù. Ilé iṣẹ́ tó rà á ni asandípò, ibi tí wọ́n ti ń rà á ni ọjà ìsandípò. Lọ́dún 1989, nígbà tí ilé iṣẹ́ iná mànàmáná AES ti Amẹ́ríkà fẹ́ kọ́ ibùdó tó ń jó èédú sí Connecticut, ó sanwó kí àwọn àgbẹ̀ Guatemala máa gbin igi. Títí dòní, Atmosfair ti Jámánì ń gbowó lọ́wọ́ èrò bàálù, lára owó bẹ́ẹ̀ ló sì fi gbé ààrò tí kì í jẹ igi púpọ̀ wá sí àríwá Nàìjíríà. Ẹni kan ń fò, ẹlòmíì ń dín igi ìdáná kù. Ìsandípò ni.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní ọ̀rọ̀ yìí ń rùn, pé ó dà bí ẹni pé ilé iṣẹ́ ń sanwó dípò kó jáwọ́. Bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn tó jáwọ́ ní tòótọ́ ò nílò rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ pe ìwé-ẹ̀rí náà ní àwìn kábọ́nù, ẹ jọ̀ọ́. Ẹni tó tà láwìn ń retí owó. Àwọn wọ̀nyí ti gbowó wọn. Kirẹ́díìtì orí fóònù ló sún mọ́ ọn: a rà á, a lò ó, ó tán. Ìyẹn ló jẹ́ kí n gba ìwé-ẹ̀rí mú, kí n sì máa pe ìgbà tí wọ́n bá pa nọ́ńbà rẹ̀ dé, kí ẹnikẹ́ni má bàa tún lò ó ("retirement" lédè òyìnbó), ní ìlòtán. Ìfẹ̀yìntì tí ẹnì kan kọ pa mí lẹ́rìn-ín. Ìwé-ẹ̀rí kò gba owó ìfẹ̀yìntì. Ìfagilé náà ò ní dáa, torí ẹni tó bá gbọ́ ọ á rò pé ayédèrú ni wọ́n já.

Ó ku alágbàtà, orúkọ tí mo fi pe àwọn ọjà bíi Patch àti Cloverly. Wọ́n ní èébú ni, torí alágbàtà tí í sọ ọjà di ọ̀wọ́n. Èmi ò rí èébú níbẹ̀. Wọn ò gbin igi, wọn ò rọ ààrò, àárín ni wọ́n jókòó sí. Bí ẹnikẹ́ni bá ní èyí tó bá iṣẹ́ wọn mu jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó mú un wá, ṣùgbọ́n kó má ṣe jẹ́ olùṣètùtù.