“Eré ọmọkọ́mọ” kò lè jẹ́ orúkọ fún súwè àti bojúbojú

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjíròrò o, lórí orúkọ Yorùbá tí a ń wá fún àwọn eré tí ọmọdé ń kọ́ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀, bíi súwè àti bojúbojú.

Ẹ̀gbọ́n tó dábàá “eré ọmọkọ́mọ”, làákàyè wà níbẹ̀: ọmọ ló kọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹ pè é ketekete lọ́jà Ìtòkú l'Abẹ́òkúta, kí ẹ wá wo ojú ìyá ọlọ́mọ. Ọmọ-kí-ọmọ ni yóò gbọ́, bí ìwàkíwà, bí ọ̀rọ̀kọ́rọ̀. Èébú gidi ni. Àmì ohùn ò sì lè gbà wá, torí ohùn kan náà ni méjèèjì.

Àwọn kan ní ká kúkú pè é ní “eré ìbílẹ̀”. Ẹ wo súwè ná. Ọmọ á fi igi fa ilà sórí iyẹ̀pẹ̀, á ju àpáàdì sínú ojú kìn-ín-ní, á fẹsẹ̀ kan fò lọ fò bọ̀. Bó bá tẹ ilà, ó kú nìyẹn. Ẹni tó bá jẹ á kọ́lé, ẹlòmíràn ò sì gbọdọ̀ tẹ ibẹ̀. Ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, Francis Willughby, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan, ti kọ irú eré yìí sílẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tilà tilà, tòun ti àfọ́kù táìlì. Bí ẹnì kan bá ní àwọn Sàró, ìyẹn àwọn ẹrú tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Sierra Leone, tó padà wá sí Abẹ́òkúta ní nǹkan bí 1840 ló kó o dé, ẹlòmíràn á ní tiwa ni látilẹ̀. Kí ló dé tí a fẹ́ fi orúkọ ru ẹjọ́ yẹn?

“Eré òṣùpá” ńkọ́? Ọ̀sán gangan ni àwọn ọmọ iléèwé ń ṣe tẹ́ńtẹ́n.

Bojúbojú tilẹ̀ ní ẹjọ́ tirẹ̀. Ẹnì kan kọ ọ́ síbí pé “Olórò ń bọ̀” tí wọ́n ń ké níbẹ̀, Orò àwa Ẹ̀gbá ni. Mo gbà pé Orò ni. N ò gbà pé Ẹ̀gbá nìkan, wọ́n ń ké e n'Íbàdàn, wọ́n ń ké e l'Ékòó. Ohun tó dùn mọ́ mi jù ni pé àwọn ọmọ ti dorí ọ̀rọ̀ náà kodò. Bí Orò bá ń ké níta, obìnrin tó sá wọlé ni kò gbọdọ̀ wò ó. Nínú eré, Olórò gan-an ni wọ́n bò lójú! Àgbà wo ló máa jókòó kọ́ ọmọ nírú ìyẹn? Tọkọtaya Iona àti Peter Opie, olùwádìí àṣà ọmọdé, ti ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé wọn ní 1959, nípa àwọn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: lẹ́nu ọmọ ni ọmọ ti ń gbọ́ ọ, kì í ṣe lẹ́nu òbí.

Bó ṣe ń tàn kálẹ̀ ló yẹ kórúkọ sọ, kì í ṣe ibi tó ti wá. Bí a ṣe ní àjọṣe àti àjọjẹ, mo dábàá “eré àjọkọ́”. Ọ̀rẹ́ mi kan ti ń fi mí rẹ́rìn-ín pé alájọ Kútọ̀ á ní “àjọ kọ́, èsúsú ni”. Kò burú, mo ṣì fara mọ́ ọn ju ọmọkọ́mọ lọ. Ẹni tó bá ní èyí tó ṣe ṣókí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó gbé e wá.