Máṣíìnì 150cc láti Ìbàdàn dé Ṣábẹ, inú àgọ́ la fẹ́ máa sùn: kí la máa kó dání?

Ọmọ-ọmọ Ṣábẹ:
Ẹ káalẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan fẹ́ gun máṣíìnì láti Ìbàdàn lọ sí Ìdáàṣà, ká sì tibẹ̀ kọjá sí Ṣábẹ ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, inú oṣù kejìlá tí ọyẹ́ bá ti mú. Ọmọ Ṣábẹ ni ìyá tó bí ìyá mi, wọ́n sọ̀rọ̀ àwọn òkè àpáta ìlú wọn fún wa títí wọ́n fi lọ, mi ò sì débẹ̀ rí, ó ń dùn mí gan-an. A ò fẹ́ sun hòtẹ́ẹ̀lì, a ti ra àgọ́ kékeré kan tó gba èèyàn méjì. Boxer 150 ni tèmi, ọdún kẹta rèé tí mo ti ń gùn ún lọ síbi iṣẹ́, tọ̀rẹ́ mi náà 150 ni. Ṣé ó lè ṣe é? Torí àwọn kan ń sọ pé àfi ká lọ ra ńlá. Kí la máa kó, kí la máa fi sílé, ìwé wo ni wọ́n máa bèèrè ní bọ́dà, ibo lèèyàn sì lè pàgọ́ sí láìsí wàhálà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti ṣe é rí ni kó dá mi lóhùn.

Ẹ̀gbọ́n Alùpùpù:
Àbúrò mi, 150 á ṣe é dáadáa. 125 ni mo gùn dé Atakpamé ní Tógò, ó gbé mi lọ ó gbé mi bọ̀. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tì ẹ́ láti lọ ra máṣíìnì tí o ò mọ̀, èyí tó o ti gùn fọ́dún mẹ́ta yẹn o mọ ohùn ẹ̀, bí nǹkan kan bá fẹ́ ṣe é etí ẹ á gbọ́ kó tó bàjẹ́. Ibi tẹ́ ẹ ń lọ yẹn lé ní 400 kìlómítà, ẹ má fi ọjọ́ kan ṣe é, ẹ sì má gùn ún lálẹ́ rárá, ìdí tẹ́ ẹ fi gbọ́dọ̀ máa jí lọ nìyẹn.

Ẹrù gan-an ló yẹ kó o bèèrè. Èmi, alẹ́ ọjọ́ tí ilẹ̀ máa mọ́ tí mo máa lọ ni mo di ẹrù mi fúngbà àkọ́kọ́, mi ò gùn ún wò. A ò tíì rìn jìnnà tí báàgì fi yọ̀ sórí sàlẹ́ńsà, kí n tó mọ̀ ó ti jó ẹní tí mo fẹ́ máa sùn lé, ilẹ̀ gbalasa ni mo sùn títí mo fi padà sílé, ẹ̀yìn mi ò gbàgbé ẹ̀. Nǹkan tó bá wúwo, irinṣẹ́, omi, oúnjẹ, kó sún mọ́ ara ẹ kó sì wà nísàlẹ̀. Àgọ́ àti aṣọ ìbora tó fúyẹ́ ni kó wà lẹ́yìn. Tí ẹ̀yìn bá wúwo jù, táyà iwájú á fúyẹ́, orí máṣíìnì á máa mì, pàápàá tí tírélà bá kọjá lára ẹ. Rọ́bà tíyúùbù táwọn ọlọ́kadà fi ń dẹrù ni kó o lò, kò sí okùn tó dà bíi ẹ̀.

Kó tó di ọjọ́ yẹn ṣá, ẹ di gbogbo ẹrù yẹn pátá, kẹ́ ẹ lọ sùn ní Adó-Àwáyé lọ́nà Ìsẹ́yìn. Ẹ fi máṣíìnì sílẹ̀ nílùú, kẹ́ ẹ gun òkè lọ bá adágún Ìyàkẹ̀, kẹ́ ẹ pàgọ́ síbẹ̀ mọ́jú. Ohun tẹ́ ẹ gbàgbé á hàn, ohun tẹ́ ẹ kó láìnídìí náà á hàn, ilé ò sì tíì jìnnà.

Mẹkáníìkì Apátá:
Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n. Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni pé ẹ má tún nǹkan kan ṣe ní àṣálẹ́ ọjọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ lọ. Ṣéènì, sùpókéètì, plọ́ọ̀gì, bíréèkì, ọ́ìlì, ẹ ti ṣe gbogbo ẹ̀ ní bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú kẹ́ ẹ sì gùn ún, torí nǹkan tuntun tí ò bá dáa, 100 kìlómítà àkọ́kọ́ ló sábà máa ń fi ara ẹ̀ hàn. Ìgbà tí ẹrù wà lórí ẹ̀ tí èèyàn sì jókòó ni kẹ́ ẹ wo ṣéènì, kó máa lọ sókè sísàlẹ̀ bíi sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3, tó bá le jù á já. Tíyúùbù iwájú kan, tẹ̀yìn kan, pọ́ǹpù ọlọ́wọ́, àti sípánà tó bá nọ́ọ̀tì yín mu gan-an, ẹ dán an wò lórí nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan. Wáyà kílọ́ọ̀ṣì tuntun, ẹ má kó o sínú báàgì, ẹ tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti tẹ́lẹ̀ lábẹ́ táńkì kẹ́ ẹ so ó mọ́ ọn, tí ti tẹ́lẹ̀ bá já lójú ọ̀nà ẹ kàn máa fi orí méjèèjì ti tuntun rọ́pò ẹ̀ ni. Eruku ọyẹ́ náà ò dáa fún fílítà afẹ́fẹ́, tẹ́ ẹ bá dé Ìdáàṣà ẹ tú u, ẹ gbọn ọ́n.

Ìyá Àjàṣẹ́:
Ẹ kú ìmúrasílẹ̀ o ẹ̀yin ọmọ mi. Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí ni mò ń gbé. Ọmọ Nàìjíríà ò nílò físà, àádọ́rùn-ún ọjọ́ lẹ lè lò, àmọ́ ẹ mú páásípọ́ọ̀tì tàbí káàdì ìdánimọ̀ ECOWAS, yẹ́lò káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, ìwé máṣíìnì ní orúkọ yín, àti Brown Card ti ECOWAS, ìyẹn ìwé ìnṣọ́ráǹsì máṣíìnì tí wọ́n ń gbà lẹ́yìn bọ́dà, ọ̀dọ̀ àwọn oní-ìnṣọ́ráǹsì nílé ni kẹ́ ẹ ti gbà á. Tẹ́ ẹ bá ti kọjá Ìdì-Ìrókò bọ́ sí Ìgólò, kọ́sítọ̀ọ̀mù ibẹ̀ ló máa fún máṣíìnì níwèé, laissez-passer ni wọ́n ń pè é, ẹ gba rìsíìtì ẹ má sọ ọ́ nù, wọ́n á tún bèèrè ẹ̀ nígbà ìpadàbọ̀. Akoto orí ò ṣeé fi ṣeré níbí.

Ní ti àgọ́, ẹ má dédé pa á sínú igbó. Ẹ wọ ìlú kí aago márùn-ún tó lù, ẹ bèèrè ilé baálẹ̀ tàbí onílẹ̀, ẹ kúnlẹ̀ ẹ kí wọn, ẹ sọ ibi tẹ́ ẹ ti wá. Ní Ìdáàṣà, ìlú tí wọ́n ń pè ní ìlú olókè mọ́kànlélógójì, àti ní Ṣábẹ, wọ́n máa gbọ́ Yorùbá yín, ohùn wọn kàn yàtọ̀ díẹ̀ ni. Àwọn òkè Ṣábẹ yẹn, òrìṣà wà níbẹ̀, ẹ má gùn wọ́n láìgba àṣẹ. Ẹ má dáná ní gbangba nínú ọyẹ́. Tí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ gbọn bàtà kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́, tìtorí àkeekèé.

Ọmọ-ọmọ Ṣábẹ:
Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á san án fún yín. A lọ sí Adó-Àwáyé lóòótọ́. Òtútù pa wá lóru yẹn débi pé a padà wá ra aṣọ ìbora méjì sí i, ìkòkò mẹ́ta tá a kó lọ, ẹyọ kan la lò, sítóòfù náà wúwo lásán, a ti fi gbogbo ẹ̀ sílé. Àárọ̀ yìí, aago mẹ́fà kọjá díẹ̀ la gbéra ní Apátá, ọyẹ́ bo gbogbo Ọmí-Àdíò a ò rí iwájú, la bá rọra ń lọ títí oòrùn fi là. A jẹun l'Abẹ́òkúta, a rọ epo kún táńkì n'Ílaró. Wọ́n dá wa dúró lójú ọ̀nà Ìdì-Ìrókò lẹ́ẹ̀mélòó kan, ìwé wa pé, a kọjá. Ní Ìgólò, ọkùnrin tó kọ ìwé máṣíìnì wa bi mí pé níbo là ń lọ, mo ní Ṣábẹ, ó ní ta ni mo mọ̀ níbẹ̀, mo dárúkọ ìyá ìyá mi, ó wò mí títí, ó ní kí n bá òun kí wọn nílé.

Ẹ̀yìn ilé onílé kan lẹ́bàá Àjàṣẹ́ la pàgọ́ sí, mo ti rí i pé ṣéènì ti dẹ̀ díẹ̀, ẹ jẹ́ kí n lọ fà á le kílẹ̀ tó ṣú.