Ìparí ọ̀rọ̀ ni kó o kọ́kọ́ wò

Ọmọ Mọ́kọ́lá, Leeds: Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ará Ìbàdàn tó wà lókè òkun. Nọ́ọ̀sì ni mí. Tí mo bá ń fa àwọn aláìsàn lé àwọn tó wọṣẹ́ alẹ́ lọ́wọ́, àwọn ọ̀rọ̀ gígùn bíi medication, observation, mobility ni wọ́n sábà máa ń ní kí n tún sọ. Gírámà mi ò sì ní àléébù. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

Ẹ̀gbọ́n Òkè-Àdó, Manchester: Àbúrò mi, o kú iṣẹ́. Ibi tó ò ń gbé ohùn sí, ìyẹn sílébù tó ò ń pè sókè ju ìyókù lọ, ni kó o wò. Iwájú làwa ti máa ń fi àfòmọ́ kún ọ̀rọ̀: lọ di àlọ, bọ̀ di àbọ̀, ohùn tó wà lórí ọ̀rọ̀ náà ò yí padà. Ẹ̀yìn ni Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń fi í sí tó bá fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ di ọ̀rọ̀-orúkọ, àwọn àfòmọ́ ìparí kan sì máa ń fa ohùn sọ́dọ̀ ara wọn. Níbi tó o bá ti rí -tion, -sion tàbí -ity, sílébù tó ṣáájú rẹ̀ gan-an ni kó o tẹ ohùn mọ́: me-di-CA-tion, hy-per-TEN-sion, mo-BI-li-ty.

Èyí tó tún ṣe kókó jù ni pé sílébù tí wọn ò bá tẹ ohùn mọ́, wọ́n máa ń gé e kúrú ni. Àwa máa ń pe fáwẹ̀lì kọ̀ọ̀kan délẹ̀délẹ̀, torí ohùn orí rẹ̀ ló ń jẹ́ ká mọ ọ̀rọ̀ tá à ń sọ. Wo photograph: “o” àkọ́kọ́ ló ń dún ketekete, èkejì rọra kọjá. Àmọ́ tó bá ti di pho-TO-gra-phy, àkọ́kọ́ rọ, èkejì ló wá dún sókè. Tó o bá pe gbogbo wọn bákan náà, etí wọn ò ní rí ibi dì mú.

Ìyá Ìbejì, Bódìjà: Ẹ ṣeun gan-an ni. Ọmọ mi ń múra ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní IELTS níbí. Ṣé government náà ń ṣe bẹ́ẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n Òkè-Àdó, Manchester: Rárá, mà. -ment, -ness, -ship àti -hood kì í yí ohùn nípò: GO-vern, GO-vern-ment, as-SESS, as-SESS-ment. -ee ní tiẹ̀ sábà máa ń gba ohùn fún ara rẹ̀, bíi trai-NEE, re-fu-GEE. Television náà ya àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ní -sion sílẹ̀, TE ni wọ́n sábà máa ń tẹ ohùn mọ́. Ẹ ní kí ọmọ máa wo àmì kékeré ˈ nínú atúmọ̀ èdè, iwájú sílébù tí ohùn wà ni wọ́n ń fi í sí. Ìṣẹ́jú 11 sí 14 ni apá ọ̀rọ̀ sísọ nínú IELTS, bó ṣe ń pe ọ̀rọ̀ sì wà lára nǹkan mẹ́rin tí wọ́n máa ń fún ní máàkì. Wọn ò ní kó máa sọ̀rọ̀ bí òyìnbó, kí ohun tó ń sọ ṣáà yé wọn.

Ọmọ Mọ́kọ́lá, Leeds: Ẹ̀gbọ́n, hospitalisation ńkọ́? SA ni, àbí?

Ẹ̀gbọ́n Òkè-Àdó, Manchester: SA ni. HOS náà á gba ohùn díẹ̀, àmọ́ jẹ́ kí SA borí rẹ̀.