"Ìpolówó" kọ́, "ìfilọ̀" ni

Ẹ̀gbọ́n mi ará Kétu, mo kí yín o. Mo ka ohun tí ẹ kọ lánàá, pé ilé iṣẹ́ agbẹjọ́rò kan gbé ìwé fún yín kí ẹ túmọ̀ rẹ̀, àti pé kí gbogbo wa fọwọ́ sí "ìpolówó agbẹjọ́ro" gẹ́gẹ́ bí orúkọ ohun tí àwọn avocat, ìyẹn agbẹjọ́rò lédè Faransé, ń gbé sórí Facebook àti WhatsApp kí àwọn èèyàn lè mọ̀ wọ́n. Ẹ dárí jì mí, ẹ̀gbọ́n. N kò lè fọwọ́ sí i; "ìfilọ̀ agbẹjọ́rò" ni kí a pè é.

Ẹ jẹ́ kí a ti ìdí ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ "-ro", ohùn àárín. Oko là ń ro. Ẹjọ́, rírò là ń rò ó. Mo mọ ibi tí àṣìṣe yìí ti wá: "ó ń rojọ́" ni à ń gbọ́ lójoojúmọ́, ohùn ìsàlẹ̀ kì í sì í dún níbẹ̀ torí pé ẹjọ́ ló tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹjọ́ bá bọ́ síwájú, tí rò dá dúró ní ìparí, ohùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ padà: a-gba-ẹjọ́-rò. Ẹni tó bá ní "mo rò ó", ọ̀rọ̀ ló ń sọ. Ẹni tó bá ní "mo ro ó", ọkọ́ ló dì mú. Ọdún 11 ni mo fi kọ́ àwọn ìyá àti bàbá ní ìwé kíkà ní Àjàṣẹ́ níbí, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, kò sí àmì tí mo bá wọn jà lé lórí tó èyí.

Ìpolówó gan-an ló dùn mí jù. Bí àwọn àgbà ṣe tú u fún mi nìyí: pe olówó. Olówó wà nínú rẹ̀, kò sí bí a ṣe lè yọ ọ́. Ìyá tó bí ìyá mi, ẹ̀kọ ló kiri títí ó fi darúgbó. Láti ìdájí ni a ti máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀: ẹ̀kọ rẹ̀ gbóná, ẹ̀kọ rẹ̀ dán, kò sí irú rẹ̀ ní gbogbo àdúgbò. Iṣẹ́ rẹ̀ ni, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n bí ó bá kan ilé tí òkú ti sùn, tàbí ibi tí wọ́n ti wá mú ọmọ wọn lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, á pa ẹnu mọ́ títí yóò fi kọjá. Mo bi í léèrè nígbà kan. Ó ní a kì í polówó fún ẹni tó ń sunkún.

Ẹ wo ẹni tó ń wá agbẹjọ́rò, ẹ̀gbọ́n. Ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ gbà, tàbí ọkọ rẹ̀ ló lé e jáde, tàbí ọkọ̀ ló gbá ọmọ rẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ẹ ní kí a máa pè ní olówó?

Àwọn tó ṣe òfin iṣẹ́ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní Nàìjíríà, òfin ìwà agbẹjọ́rò ti ọdún 2007, èyí tí wọ́n lò kí ti ọdún 2023 tó rọ́pò rẹ̀, gbà kí wọ́n jẹ́ kí ayé mọ iṣẹ́ wọn, ṣùgbọ́n kò gbà kí wọ́n sọ bí iṣẹ́ wọn ti dára tó tàbí iye ẹjọ́ tí wọ́n ti borí, kò sì gbà kí wọ́n fi ara wọn wé agbẹjọ́rò mìíràn. "Ẹ̀kọ mi ló dùn jù" kò sí níbẹ̀! Ní Faransé, láti 2014, avocat lè kọ lẹ́tà tàbí ímeèlì sí ẹni tó lè nílò rẹ̀, àmọ́ wọn ò gbọdọ̀ fi àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù dí i lọ́wọ́. Bí a bá yọ ìyìn ara ẹni àti àfiwé kúrò, kí ló kù? Orúkọ rẹ̀, ibi tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà, irú ẹjọ́ tó ń gbà. Ìfilọ̀ nìyẹn.

Arákùnrin wa ní Ṣábẹ̀ẹ́ ti rán wa létí Amẹ́ríkà, pé àwọn agbẹjọ́rò ń polówó níbẹ̀. Òtítọ́ ni: ní 1977, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ dá àwọn agbẹjọ́rò méjì láre, àwọn ará Arizona tí wọ́n gbé iye owó iṣẹ́ wọn sínú ìwé ìròyìn. Àwọn yẹn polówó lóòótọ́. Bí ìwé tiwọn bá ni ẹ̀gbọ́n ń túmọ̀, n kò ní bá wọn jà.

Ẹ jọ̀ọ́, ní ìparí ìfilọ̀, lọ̀ ni o, ohùn ìsàlẹ̀. Mo ti rí i lára ògiri níbí tí wọ́n kọ ọ́ ní "ìfilọ", bí ẹni pé ẹnì kan fẹ́ gbé nǹkan lọ. Ohun tó ṣe rò náà ló ṣe é: "wọ́n fi lọ ará ìlú" ni wọ́n gbọ́, wọ́n gbàgbé "wọ́n fi lọ̀ wá".

Ẹni tó bínú pé n kò kọ "ìkpolówó" bí álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè orílẹ̀-èdè wa ṣe là á sílẹ̀ láti 1975, mo mọ álífábẹ́ẹ̀tì náà, òun ni mo fi kọ́ àwọn èèyàn. Mo ń kọ báyìí kí àwọn ará wa tó wà ní Nàìjíríà lè kà á láìkọsẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìyẹn sùn ná.

Èyí tí n kò ní jẹ́ kó sùn ni "lọ́yà" tí arákùnrin wa Ṣábẹ̀ẹ́ ní kí a fi rọ́pò agbẹjọ́rò. Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n mú wá láti òdìkejì ààlà ni, kí ló kàn wá níbẹ̀? Bí agbẹjọ́rò bá gùn jù lẹ́nu wọn, ṣebí alágbàwí wà nínú Bíbélì, nínú lẹ́tà kìíní Jòhánù. Mo ń retí èsì wọn. Ẹ̀yin náà, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dá ìwé yẹn padà fún oníwèé.