Ìwé ẹ̀rí èdè Gẹ̀ẹ́sì fún ọmọ ọdún 7: ṣé ó pọn dandan fún físà?

Ìyá Ìbejì, Leeds

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Mo fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ kan kí n tó náwó sí i. Àwọn ìbejì mi wà lọ́dọ̀ ìyá mi ní Ìbàdàn, wọn yóò pé ọmọ ọdún 7 lóṣù tó ń bọ̀, èmi àti bàbá wọn sì ti bẹ̀rẹ̀ ètò físà tí wọn yóò fi wá bá wa, nítorí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo bá dé ibí. Ejẹ́ńtì tó ń bá wa ṣe ìwé náà ní kí n san ₦180,000 lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan fún ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì kan tí wọ́n ń pè ní Starters. Ó ní bí ìwé ẹ̀rí náà kò bá sí nínú fáìlì wọn, Home Office, ilé iṣẹ́ ìjọba UK tó ń fúnni ní físà, kò ní fún wọn. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé òótọ́ ni?

Bàbá Àdùkẹ́, Peckham

Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú àárò ọmọ. Ẹ má san kọ́bọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ gba físà iṣẹ́ ni òfin béèrè ẹ̀rí èdè Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ yín. Kò béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ kékeré tó ń bọ̀ wá bá òbí rẹ̀. Kódà, ọmọ tí àwọn òbí rẹ̀ wà ní Nàìjíríà, tó fẹ́ wá kàwé ní ilé ìwé aládàáni níbí pẹ̀lú físà Child Student, èyí tó wà fún ọmọ ọdún 4 sí 17, kò nílò ẹ̀rí èdè kankan lọ́dọ̀ Home Office. Ilé ìwé tó fẹ́ gbà á lè dán an wò fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn wà láàárín ilé ìwé àti òbí.

Mo mọ ibi tí àwọn ejẹ́ńtì ti rí wa mú. Orúkọ Nàìjíríà kò sí lára àwọn orílẹ̀-èdè tí Home Office kà sí ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ti jẹ́ èdè ọ̀pọ̀ ènìyàn. Nítorí náà, àwa tí wọ́n ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ láti jẹ́lé-ó-sinmi títí dé yunifásítì tún ní láti jókòó ṣe ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì IELTS, tàbí kí á sanwó fún Ecctis, ilé iṣẹ́ tó ń yẹ ìwé ẹ̀rí ilé ìwé wò, kí wọ́n lè jẹ́rìí sí i pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ wa. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, okùn lásán a máa bà á lẹ́rù. Bí wọ́n bá ti dárúkọ ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì, a ti ki ọwọ́ bọ àpò.

Èmi pàápàá ti san irú owó bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí Àdùkẹ́ ń bọ̀, ejẹ́ńtì kan gba owó ìdánwò àti owó ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́wọ́ mi. Ọmọ ṣe é, ó sì gba ìwé ẹ̀rí tó dára. Ìgbà tí mo wá fúnra mi jókòó ti fọ́ọ̀mù físà náà, mo yẹ̀ ẹ́ wò lókè nílẹ̀, n kò rí ibi kan ṣoṣo tí wọ́n ti béèrè rẹ̀. Ara ògiri yàrá rẹ̀ ni ìwé náà wà títí di òní.

N kò sọ pé ayédèrú ni ìdánwò náà o. Ti Cambridge ni, àwọn ọmọ ọdún 6 sí 12 ni wọ́n ṣe é fún, ipele mẹ́ta ló sì ní: Starters, Movers àti Flyers. Ó tilẹ̀ wuyì láti wò. Ní Starters, ọmọ a máa gbọ́ ọ̀rọ̀ nínú ẹ̀rọ, a sì máa fi pẹ́ńsù aláwọ̀ kun ohun tí wọ́n bá dárúkọ. Olùdánwò yóò tún gbé àwòrán ńlá kan síwájú rẹ̀, yóò ní kí ó fi ọwọ́ tọ́ka sí nǹkan tàbí kí ó gbé káàdì kékeré lé ibi tí òun bá sọ. Kò sí pé ọmọ yege tàbí ó fìdí rẹmi. Àwòrán asà ni wọ́n ń fi díwọ̀n iṣẹ́ rẹ̀: márùn-ún ló pọ̀ jù fún gbígbọ́, márùn-ún fún kíkà àti kíkọ, márùn-ún fún sísọ. Bí ó bá wu òbí láti fi èyí kóríyá fún ọmọ, ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kò sí lára ìdánwò èdè tí Home Office fọwọ́ sí fún físà.

Ẹ wá ṣọ́ ọjọ́ orí wọn. Nígbà tí ẹ bá ń gba ìwé ìgbélùú títí láé, ẹni ọdún 18 sí 64 ni wọ́n ń béèrè ẹ̀rí èdè àti ìdánwò Life in the UK, èyí tó dá lórí ìtàn àti ìgbé ayé ìlú yìí, lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ tí kò tí ì pé 18 bọ́ nínú rẹ̀, bákan náà ni ti ọmọ tí a fi fọ́ọ̀mù MN1 forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún jíjẹ́ ọmọ ìlú. Ti àwọn ìbejì ṣì jìnnà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní ẹ̀gbọ́n wọn tó ti ń súnmọ́ 17, ẹ ka ọjọ́ náà dáadáa.

Ìyá Ìbejì, Leeds

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ọkàn mi balẹ̀. Ó ku ọ̀kan: mo ti wo fọ́ọ̀mù ilé ìwé, ó ní àyè tí wọ́n ti béèrè èdè àkọ́kọ́ ọmọ. Arábìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ní kí n kọ Gẹ̀ẹ́sì síbẹ̀, kí wọ́n má baà kó àwọn ọmọ mi mọ́ àwọn tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá.

Olùrànlọ́wọ́ olùkọ́, Birmingham

Àǹtí mi, ẹ kọ Yorùbá. Ohun tí ìbéèrè náà túmọ̀ sí ni èdè tí ọmọ bá pàdé láti kékeré, tó sì ń gbọ́ nílé títí di ìsinsìnyí. Wọn kò béèrè èdè tó mọ̀ jù. Kò sí ilé ìwé ìjọba tó lè torí rẹ̀ sọ pé ọmọ yín kò ní wọlé, wọn kò sì ní béèrè ìwé ẹ̀rí kankan. Ní England níbí, owó tí ìjọba ń pín fún ilé ìwé tilẹ̀ ní ìpín kan fún ọmọ tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè àkọ́kọ́ rẹ̀, ní ọdún mẹ́ta tó kọ́kọ́ wọ ilé ìwé ìlú yìí. Bí a bá kọ Gẹ̀ẹ́sì síbẹ̀, owó náà kò ní dé, ọmọ sì lè jókòó sẹ́yìn kíláàsì láìsí ẹni tó mọ̀ pé ohùn àwọn ará Birmingham ni kò yé e, pé kì í ṣe ìṣirò. Mo ti rí i.

Ìyá Dàre, Maryland

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀ díẹ̀. Bí ẹ bá kọ Yorùbá sórí fọ́ọ̀mù èdè ilé, ilé ìwé gbọ́dọ̀ dán ọmọ wò. Ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní WIDA ni wọ́n ń lò lọ́dọ̀ wa, bí wọ́n bá sì ti kà á mọ́ àwọn tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ọdọọdún ni yóò máa ṣe é títí yóò fi kúrò lára wọn. Òbí lè kọ̀ ẹ̀kọ́ àfikún náà, ṣùgbọ́n kò lè yọ ọmọ kúrò nínú ìdánwò ọdọọdún. Ibí ni wọ́n bí Dàre, síbẹ̀ wọ́n kà á mọ́ wọn, torí pé obìnrin tó ń dán an wò na àwòrán sí i, ó bi í léèrè, ọmọ sì tẹjú mọ́ ilẹ̀, kò fọhùn. Màmá mi ló kọ́ ọ pé kí ó má máa wo àgbà lójú. Ọdún méjì ló fi wà níbẹ̀. N kò kábàámọ̀ rẹ̀, ó kàwé níbẹ̀ ju bí mo ti rò lọ.

Bàbá Àdùkẹ́, Peckham

Kí n má gbàgbé, Ìyá Ìbejì. Ìwé ẹ̀rí tí wọ́n máa béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ yín ni ti àyẹ̀wò ikọ́ ife, èyí tí ẹ ó ṣe ní ilé ìwòsàn IOM, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn aṣíkiri, ní Èkó tàbí Àbújá. Wọn kì í sábà ya fọ́tò àyà ọmọ tí kò tí ì pé 11, ṣùgbọ́n dókítà gbọ́dọ̀ rí i kí ó tó fún un ní ìwé. Oṣù mẹ́fà ni ìwé náà ń lò, nítorí náà ẹ má tètè ṣe é jù.

Ìyá Ìbejì, Leeds

Mo ti kọ̀wé sí ejẹ́ńtì pé kí ó fi ojú ìwé tí wọ́n kọ ọ́ sí lórí gov.uk, ìkànnì ìjọba, hàn mí. Láti àárọ̀ ni ó ti ka iṣẹ́ tí mo rán, kò tí ì dáhùn. Màmá mi ti ní òun yóò kó wọn wá sí Èkó lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.