Báwo ni àwa akẹ́kọ̀ọ́ ṣe lè gba ìtàn ìgbésí ayé àwọn àgbà tó ti Gánà bọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìtàn béèrè pé:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín. Ẹ̀kọ́ ìtàn ni mò ń kọ́ ní yunifásítì, mo sì ti wà ní ọdún kẹta. Olùkọ́ wa pín wa ní méjì-méjì, ó sì rán wa sí àwọn àgbàlagbà ìlú Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n ti ṣòwò ní Gánà kí ìjọba Busia, olórí ìjọba Gánà nígbà náà, tó lé àwọn àjòjì jáde ní ọdún 1969, pé kí a gba ìtàn ìgbésí ayé wọn láti ẹnu ara wọn, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún ilé ìkàwé. Iṣẹ́ náà wù mí gan-an, nítorí pé ẹni tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún nígbà náà ti lé ní ọdún márùndínlọ́gọ́rin báyìí, àwọn tó sì jù bẹ́ẹ̀ lọ kò pọ̀ mọ́.

Ohun tó ń dààmú wa ni pé ọ̀rọ̀ kì í gùn lẹ́nu wọn. Bàbá kan tó ta aṣọ ní Kumasi gbà wá tọwọ́-tẹsẹ̀, ṣùgbọ́n bí a ti ṣí ìwé ìbéèrè wa, tí a bi í pé ọdún wo ni ó dé Gánà, ó ní ó ti pẹ́; a bi í pé báwo ni ayé ṣe rí níbẹ̀, ó ní àwọn dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ìyá kan tilẹ̀ wo ojú wa, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, kí lẹ fẹ́ fi ọ̀rọ̀ mi ṣe?" A kò rí ìdáhùn gidi fún un. Ẹ jọ̀wọ́, báwo ni a ṣe lè jókòó ti àwọn àgbà wọ̀nyí tí wọn yóò fi sọ ohun tí ojú wọn rí, kí sì ni ojúṣe wa sí wọn lẹ́yìn tí wọ́n bá sọ ọ́ tán?

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì fèsì pé:

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Ẹ pa ìwé ìbéèrè yẹn dé ná. Àgbà tí ẹnikẹ́ni kò kọ ọjọ́ ìbí rẹ̀ sílẹ̀ kì í fi ọdún sọ ìtàn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni ó fi ń sọ ọ́. Ẹ bi í bóyá ogun Hitler ti parí kí ó tó kúrò nílé, bóyá ó ti wà níbẹ̀ nígbà tí Gánà gba òmìnira ní oṣù kẹta ọdún 1957, bóyá pọ́n-ùn ni wọ́n ṣì ń ná àbí wọ́n ti ń ná sídì tó dé ní 1965, bóyá àwọn ṣọ́jà ti gba ìjọba lọ́wọ́ Nkrumah ní oṣù kejì ọdún 1966 kí ó tó bí àkọ́bí rẹ̀. Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ wá fi ọdún sí i nígbà tí ẹ bá délé.

Ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti orí òwò, nítorí pé òwò ló gbé wọn lọ. Ẹni tó lọ sí Gánà láti Ògbómọ̀ṣọ́, láti Ọ̀fà, láti Èjìgbò tàbí láti Ṣakí kì í sábà dá lọ. Ẹ̀gbọ́n, àbúrò bàbá tàbí ará ilé kan ló máa ń mú un dání, òun náà yóò sì sin ẹni yẹn, yóò máa bá a kiri ọjà láti abúlé dé abúlé, títí onítọ̀hún yóò fi fún un ní owó tàbí ọjà tí yóò fi dá dúró. Nítorí náà, ẹ bi bàbá yẹn pé ta ló mú un lọ, ọkọ̀ wo ni wọ́n wọ̀, irú aṣọ wo ló kọ́kọ́ kiri, ta ló kọ́ ọ ní èdè Twi tó fi ń bá àwọn oníbàárà nájà. Ẹni tí a bi ní irú èyí kò lè fi "a dúpẹ́" dáhùn. Bí ó bá ní fọ́tò àtijọ́, ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ó gbé e jáde. Mo sì rò pé ó sàn kí ẹ bá òun nìkan, nítorí àwọn ọmọ máa ń gba ọ̀rọ̀ mọ́ òbí wọn lẹ́nu.

Nọ́ọ̀sì Ìlú Ọba fèsì pé:

Àwọn àgbàlagbà ni mò ń tọ́jú níbí, ìbéèrè yìí sì wọ̀ mí lọ́kàn. Tẹ́lẹ̀, bí arúgbó bá ń sọ̀rọ̀ ìgbà èwe rẹ̀ ṣáá, ọ̀pọ̀ oníṣègùn máa ń rò pé ó ti ń ṣarán ni. Ní ọdún 1963, Robert Butler, dókítà ọpọlọ kan ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé pé kò rí bẹ́ẹ̀: ẹni tó bá mọ̀ pé ọjọ́ ti lọ yóò máa yẹ ayé rẹ̀ wò, ara iṣẹ́ ọjọ́ ogbó ni. Ṣùgbọ́n ó sọ pẹ̀lú pé àyẹ̀wò náà lè fi ọkàn ẹlòmíràn balẹ̀, kí ó sì dá ìbànújẹ́ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ẹ má fojú kéré apá kejì yìí.

Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kọkànlá ọdún 1969 ni ìjọba Busia fún àwọn àjòjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Ẹni tó fi ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sílẹ̀, tó fi owó tí àwọn ènìyàn jẹ ẹ́ sílẹ̀, tó sì padà sí ilé tí ogun abẹ́lé kò tíì parí, kò ní fẹ́ kí ọmọ tí kò mọ̀ rí kọ́kọ́ fa èyí yọ. Ẹ fi í sílẹ̀ títí òun yóò fi dé ibẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí ó bá dákẹ́, ẹ pa ẹ̀rọ tí ẹ fi ń gba ohùn sílẹ̀, kí ẹ sì jókòó tì í. Ẹ má dìde lọ lórí ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́ láéláé. Ẹ kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ padà sórí ohun tó dùn mọ́ ọn. Òwúrọ̀ ló dára jù, nítorí ó máa ń rẹ̀ wọ́n lọ́sàn-án. Bí iṣẹ́ yín bá sì ti parí, ẹ ṣì máa yà kí wọn. Ó máa ń dùn wọ́n púpọ̀ bí ọmọ tó gbọ́ gbogbo àṣírí wọn kò bá yọjú mọ́.

Ọmọ Èrò Tamale fèsì pé:

Tamale, ní àríwá Gánà, ni àwọn òbí mi ti bọ̀. Olùkọ́, ẹ máà bínú, mi ò fara mọ́ ti bíbá ẹnì kan ṣoṣo. Bí àwọn ọmọ bá ń dí wọn lọ́wọ́, ó dáa kí wọ́n jáde, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ẹni méjì tó jọ ṣòwò nílùú kan náà jókòó pọ̀. Èkíní yóò ní ọjọ́ Sátidé ni àwọn wọ ọkọ̀, èkejì yóò ní rárá, ọjọ́ ọjà ni, láti ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ yóò ti máa jáde.

Ní ti ìyá tó béèrè ohun tí ẹ fẹ́ fi ọ̀rọ̀ òun ṣe, mo rò pé ìbéèrè rẹ̀ ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ síbí. Àlùfáà Samuel Johnson, tó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, tí àbúrò rẹ̀ tún ṣe, tí ó sì jáde ní 1921, dárúkọ àwọn tó sọ ìtàn fún un: David Kukomi ti Ìbàdàn, Josiah Oni, àti Lagunju tó jẹ́ Tìmì Ẹdẹ. Òun ni òǹkọ̀wé, síbẹ̀ kò fi ìmọ̀ wọn ṣe tirẹ̀. Bí ìyá yìí bá gbà kí ẹ dárúkọ òun, ẹ dárúkọ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ni ìtàn. Ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá bí ó ṣe sọ ọ́, ẹ kà á sí i létí kí ó lè tún ibi tó kù díẹ̀ káàtó ṣe, kí ẹ sì fún un ní ẹ̀dà tirẹ̀ àti ohùn rẹ̀ tí ẹ gbà sílẹ̀, fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ìtàn tó bá jẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì nìkan, tó wà ní ilé ìkàwé tí kò ní dé láéláé, kì í ṣe ìdáhùn sí ohun tó béèrè.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìtàn fèsì pé:

Mo dúpẹ́ gidigidi lọ́wọ́ gbogbo yín. Ọ̀kan ló kù. Bí wọ́n bá dárúkọ àwọn tó jẹ wọ́n lówó tàbí tó gba ọjà wọn nígbà náà, ṣé kí a kọ orúkọ náà?

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì fèsì pé:

Ẹ jẹ́ kí ó wà nínú ohùn tí ẹ gbà sílẹ̀, nítorí tirẹ̀ ni. Nínú èyí tí yóò lọ sí ilé ìkàwé, ẹ yọ orúkọ náà kúrò, kí ẹ kọ "oníbàárà kan," kí ẹ sì sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ ni ẹ ṣe. Mo gba ti ẹni méjì tí Ọmọ Èrò Tamale sọ. Ọ̀dọ̀ ìyá yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ padà sí, kí ẹ sì dá a lóhùn kí ẹ tó tan ẹ̀rọ.