Bíréèkì iwájú máṣíìnì mi ń há: ṣé họ́ọ̀sì ni àbí ìkòkò òróró òkè?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mẹkáníìkì. Máṣíìnì Japan kan tó ti dàgbà ni mò ń gùn n'Íbàdàn, onídísìkì ni níwájú. Láàárọ̀, kò sí wàhálà. Àmọ́ tí mo bá ti wọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìwó Road, tí mò ń tẹ bíréèkì lemọ́lemọ́, táyà iwájú á bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo, dísìkì á gbóná débi pé tí omi bá kàn án, á dún ṣàà. Tó bá tutù tán, á tún tú sílẹ̀.

Mo ti tú kálípà, ìyẹn irin tó ń fún páàdì mọ́ dísìkì. Mo fọ písítìnnì, mo pààrọ̀ rọ́bà inú rẹ̀, páàdì náà tuntun ni. Ibi kan náà la ṣì wà.

Nígbà tó há lánàá, mo tú nọ́ọ̀tì ara kálípà tá a fi ń yọ afẹ́fẹ́ inú òróró, díẹ̀ ni mo tú u. Òróró bíréèkì tú jáde pìì, táyà sì ń yí fàlàlà lójú ẹsẹ̀. Ó jọ pé òróró ló há sísàlẹ̀ tí kò rí ọ̀nà padà sókè. Mẹkáníìkì àdúgbò ní kí n ra gbogbo ẹ̀ ní tuntun. Ẹnu dùn ún ròfọ́!

Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá inú họ́ọ̀sì, ìyẹn rọ́bà tí òróró ń gbà kọjá, ló wú, àbí ihò tín-tìn-tín tó wà nísàlẹ̀ ìkòkò òróró lọ́wọ́ ọ̀tún ló dí? Tí mo bá tú nọ́ọ̀tì họ́ọ̀sì lókè nígbà tó há, tí táyà ò sì tú, ṣé họ́ọ̀sì ló jẹ̀bi nìyẹn? Ẹni tó bá sì ti ṣí ihò yẹn rí, wáyà wo lẹ lò tí kò fi ha inú rẹ̀?